Ìyàwó Wa Tó Ń Rán Síìtì Ọkọ̀

Bí ẹ bá ń gba ojú ọ̀nà Siluko kọjá ní ìlú Benin láyé ìgbà náà, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ òòlù àwọn tó ń lu páànù ọkọ̀ kí ẹ tó rí ìsọ̀ ìyàwó wa. Ìsọ̀ náà kò fẹ̀ rárá. Fóòmù kún orí àjà, awọ lẹ́dà so rọ̀ lára ògiri, àárín wọn ni Títíloyè máa ń jókòó sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan, tí yóò fi abẹ́rẹ́ gígùn sẹ́nu bí ẹni tó ń run pákò. Síìtì ọkọ̀ ló ń rán. Kò sí obìnrin mìíràn nídìí iṣẹ́ yẹn ní gbogbo àdúgbò, nítorí náà, awakọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ á máa wojú ká kiri, á bi í pé ọ̀gá dà. Ìyàwó wa kò ní gbé orí sókè. "Ọ̀gá don travel," ni yóò wí. "Bring your seat."

Èmi ni Ṣọlápé, ẹ̀gbọ́n mi Olúdáre ló fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Benin, ilé wọn ni mo dé sí, mo jẹ oúnjẹ wọn, mo sì fi ọṣẹ wọn fọ aṣọ títí mo fi gboyè. Nítorí pé wọ́n ti bí mi kó tó wọ ilé wa, kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ mi rí. "Ọkọ mi Akọ̀wé" ló ń pè mí, kódà lọ́jọ́ tí mo kàwé gbàgbé ìrẹsì rẹ̀ lórí iná tó fi di èédú. Èmi náà kì í pe orúkọ rẹ̀ sí i létí; ìyàwó wa ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ dáadáa. Ìyàwó wa ni. Bí ẹ bá rí i pé mo ń fi í yangàn, ẹ má bínú sí mi, ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé kó jáde ká jọ yangàn.

Lọ́dún 1991 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ọdún náà sì ni wọ́n wá sí Benin, nítorí pákó ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà, igi sì pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni Títíloyè kọ́ nílé. Ó dé Benin, ó rí i pé àwọn télọ̀ ibẹ̀ ju aṣọ lọ. Lọ́jọ́ kan, síìtì ọkọ̀ tó ń bá wọn kó pákó ya, ìdí awakọ̀ sì ń wọ inú irin. Awakọ̀ náà ń ráhùn, Títíloyè ní kó tú síìtì náà sílẹ̀ fún òun. Ó fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò rán an. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà kú, wọ́n gé e tà fún àwọn onírin, síìtì náà ṣì dúró pé, awakọ̀ ọ̀hún sì gbé e lọ sínú ilé rẹ̀, ó ń jókòó sórí rẹ̀ jẹ ẹ̀bà.

Ó ní ọ̀nà kan tó ń gbà ṣiṣẹ́ tí kò jọ ti ẹlòmíràn. Láàárín sípíríǹgì àti fóòmù, àpò ìrẹsì ni àwọn yòókù máa ń tẹ́ síbẹ̀. Ìyàwó wa kórìíra àpò ìrẹsì. Ó ní ó ń ké gìrìgìrì lábẹ́ ìdí ènìyàn. Ọjà Ekiosa ló máa ń lọ, yóò gba ègé àǹkárá tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn télọ̀, yóò rán wọn pọ̀, yóò sì tẹ́ ẹ sábẹ́ fóòmù, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé. Mo bi í nígbà kan pé ta ló fẹ́ rí i. Ó ní, "Ọkọ mi Akọ̀wé, ṣé gbogbo ohun tí ẹ̀yin ń ṣe ni ẹ fẹ́ kí wọ́n rí ni?"

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun obìnrin yìí. Ìgbà tó wà lọ́mọdé ni bàbá rẹ̀ kú nínú ọkọ̀ akérò, bíréèkì ọkọ̀ náà já lórí òkè kan tí kò jìnnà sí Iléṣà. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rin Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sí Iléṣà, bí awakọ̀ bá rọra dúró fún un lójú ọ̀nà, yóò kí i, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi mọ Benin. Kò mọ yàrá tí ọmọ rẹ̀ ń sùn, kò mọ ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ẹlòmíràn ń wá wẹ ọmọ fún wọn, ìyàwó wa ló máa ń gbé oyún rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé kí ìyá rẹ̀ lè fọwọ́ kan ọmọ tuntun. Níbi ìkómọ Èyítọ́pẹ́, àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín àwùjọ, ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ tèmi fúnra mi ni màá fi wá gbé yín lọ sí Benin!" Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Màmá wò ó, ó ní, "Bí o bá rà á, a ó wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ẹ̀gbọ́n mi lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú owó kò ṣe jẹ́ẹ́. Ó ra jáàkì. Ó ra ìbora sítíárìn. Ó ra lọ́fínńdà tí wọ́n ń so kọ́ iwájú ọkọ̀, òórùn rẹ̀ tán nínú àpótí, ó sì tún ra òmíràn. Ó ra ìjánu sílẹ̀ de ẹṣin tí kò ì tíì rí. Nígbà tí mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọdún sì ń lọ, Màmá ń dàgbà. Nígbà tó fi máa di 2006, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ìyàwó wa kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ń bà á kí ìyá rẹ̀ má lọ kú láìtẹ ilé òun.

Ọdún náà ni owó pé. Ọ̀dọ̀ Sùlè sì ni wọ́n lọ.

Sùlè ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Benin ló so òun àti ẹ̀gbọ́n mi pọ̀, bó bá rí ẹ̀gbọ́n mi, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja kódà bí ilẹ̀ tutù. Òun náà ló ń fún ìyàwó wa níṣẹ́ jù lọ. Yóò tú síìtì kúrò nínú ọkọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù yóò kó wọn wá sí Siluko, bí ìyàwó wa bá rán wọn tán, wọn yóò wá kó wọn padà. Síìtì nìkan ni ìyàwó wa máa ń rí, kì í rí ọkọ̀ tó ni ín.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó mú mẹkáníìkì dání. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí. "Ká mú mẹkáníìkì lọ yẹ ọkọ̀ ọmọ ìlú ẹni wò? O fẹ́ kí n pe Sùlè lólè lójú ara rẹ̀?" Báyìí ni a ṣe lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, òun, ìyàwó wa àti èmi, a kò mú ẹnì kankan dání ju ẹ̀rín lọ.

Ọkọ̀ náà dára, kí n má purọ́. Ó dúdú, ó ń dán, òjìji mi ń wò mí lára ilẹ̀kùn rẹ̀. "First body ni, Ẹ̀gbọ́n!" ni Sùlè ń pariwo. "Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún lókè òkun ló ṣì wà lára rẹ̀. Kò gbá rí! Ẹ wò ó yí ká!" Òótọ́ sì ni, a wò ó yí ká, kò sí ibi tí wọ́n tún kùn. Ní Benin, bí ọkọ̀ bá ti jẹ́ first body, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé sídìí sítíárìn, ó tẹ họ́ọ̀nù, ó rẹ́rìn-ín, ó tún tẹ họ́ọ̀nù. Orí mi wú. Mo ti ń rí Màmá níwájú ọkọ̀ náà pẹ̀lú gèlè rẹ̀.

Ìyàwó wa wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ síìtì. Bó ṣe ń ṣe nínú ọkọ̀ gbogbo nìyẹn, kódà nínú takisí. Mo rí i tí ọwọ́ náà dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa nǹkan kan díẹ̀ jáde. Àǹkárá ni, àwọ̀ ewé tó ní ẹyẹ lára.

Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ó fi àǹkárá ẹlẹ́yẹ yẹn rán kaba fún Èyítọ́pẹ́, ó sì tẹ́ èyí tó ṣẹ́kù sábẹ́ síìtì kan tí Sùlè kó wá nígbà òjò, kò sí ibòmíràn tó tún ti lò ó. Ó rántí síìtì náà dáadáa nítorí bí ó ṣe ń rùn bí etí odò. Fóòmù rẹ̀ wúwo bí ọmọ tó sùn, iyanrìn kún inú ìrán rẹ̀. Ó bi awakọ̀ tó gbé e wá pé inú odò wo ni wọ́n ti yọ èyí, awakọ̀ náà ní òjò ló pa á ní ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó kó fóòmù rẹ̀ dànù, ó fọ irin rẹ̀, ó sì fi lẹ́dà tuntun bò ó.

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun mọ ohun tó máa bàjẹ́ bí òun bá la ẹnu: inú ọkọ òun, àti iṣẹ́ Sùlè tó ń bọ́ ìsọ̀ òun. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìyá mi ló máa jókòó síbẹ̀."

Ó na ọwọ́ sí bẹ́líìtì, ó fà á, ó ń fà á lọ títí ó fi dé ìpẹ̀kun tí ẹnikẹ́ni kì í fà á dé. Apá òkè rẹ̀ mọ́. Apá ìsàlẹ̀ pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ìlà kan sì wà láàárín méjèèjì níbi tí omi dúró sí.

"Bàbá Èyítọ́pẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Dúró ná, jẹ́ kí n tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ọkọ̀ yìí ti rì sómi."

Sùlè bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ìyàwó, omi kẹ̀? Ta ni kò mọ̀ pé gbogbo tòkunbọ̀ ló gba orí òkun wá?"

"Orí òkun ni wọ́n ń gbà, Bọ̀ọ̀dá Sùlè. Wọn kì í gba inú rẹ̀." Ó fi bẹ́líìtì náà hàn án. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ìka gbo abẹ́ rẹ̀, iyanrìn kúnná lé e lọ́wọ́. Kò pariwo. Ọkọ rẹ̀ ló yíjú sí. "Omi tó bá ti wọ inú wáyà ọkọ̀ kò lọ mọ́. Yóò ṣiṣẹ́ lónìí, yóò ṣiṣẹ́ lọ́la, lọ́jọ́ tó bá wù ú, nǹkan kan yóò kú níbẹ̀. Ó lè jẹ́ iná. Ó lè jẹ́ bíréèkì, ká sì wà lórí òkè."

Bó ṣe sọ "lórí òkè" báyìí, ẹ̀gbọ́n mi yọ ọwọ́ kúrò lára sítíárìn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, a sì lọ sílé.

Ẹ kò tíì rí ọkùnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ̀ tí kò rà. Kò jẹun, àyàfi bí a bá yíjú. Ó ti àpótí ẹrù ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyítọ́pẹ́ bi í pé, "Daddy, so Grandma no go come again?" Ní Siluko, iṣẹ́ Sùlè dúró lóòótọ́, ìyàwó wa sì ń rán tìmùtìmù àga ilé fún àwọn ará àdúgbò Ogbe. Kò kábàámọ̀, ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi ni mò ń bínú fún gbogbo wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, Sùlè dé láti ìrun, tòun ti jalàbíà funfun. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Ó ní wọ́n ta ọkọ̀ náà fún òun ní Kútọnu ni, kò rùn nígbà yẹn. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú síìtì rẹ̀, mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí." Ó ní òun ti tú ọkọ̀ náà palẹ̀, irin rẹ̀ ni òun ń tà. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sí i lára láti ọjọ́ pípẹ́, ó gún régé, ṣùgbọ́n ìyàwó wa ti gbé omi tútù wá fún un. Ó ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́.

Sùlè mu omi tán, ó ní ọkọ̀ kan tún wà. Ó forí gbá nǹkan lókè òkun, wọ́n sì gbé e wá bẹ́ẹ̀ láìtún un ṣe. Òun ìbá ti lù ú, kùn ún, kí òun sì pè é ní first body. Ó ní kí wọ́n wá wò ó bó ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. "Ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni o fẹ́ tà fún mi?"

"Ojú rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n kò fi aṣọ bojú," ni ìyàwó wa wí. "Bàbá Èyítọ́pẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Lọ́tẹ̀ yìí, a mú ènìyàn dání. Ẹhigie ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Benin, ẹni tó ń lu páànù ọkọ̀ lódìkejì ìsọ̀ ìyàwó wa. Ọkọ̀ náà burú lójú: bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká bí ewé gbígbẹ, iná iwájú kan sì ti lọ. Sùlè alára dojú kọlẹ̀. Ẹhigie kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ó rá pálá wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú okùn, ó na okùn náà láti igun iwájú kan dé igun ẹ̀yìn òdìkejì, ó di í mú, ó sì gbé e lọ sí igun kejì. Okùn náà bá ara rẹ̀ mu, kò lé, kò dín. Ó yọ jáde tòun ti ẹrẹ̀ lójú. "Madam, na only im face wound. The back-bone dey kampe." Ìyàwó wa fa gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀ dé ìpẹ̀kun, àwọ̀ kan náà ni látòkè délẹ̀. Ó kó ọwọ́ sábẹ́ síìtì, ó mú un jáde, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi orí sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó dára, ẹ̀gbọ́n mi sì rà á bí ẹni tó ń mu àgbo.

Gbogbo ọyẹ́ ni wọ́n fi tún un ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti ráhùn. Lẹ́yìn náà ó ń lọ láti béèrè. Kí nìyí? Kí ló ń ṣe? Kí ló dé tí ẹ fi tú èyí? Kó tó pẹ́, òun ló ń di iná mú fún Ẹhigie, ọ̀rá dúdú ń wọ ilé wa lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń fi síbí ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún wa nídìí oúnjẹ. Iwájú tuntun tí wọ́n kùn kò bá ara yòókù mu dáadáa, ó pọ́n ju ara lọ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí wọ́n kun gbogbo rẹ̀ kó lè dọ́gba. Ìyàwó wa ní rárá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ rán síìtì, nígbà tó sì di ọjọ́ tí wọ́n dè é mọ́ inú ọkọ̀, ó jó yí ọkọ̀ náà ká lójú ọ̀nà Siluko, àwọn tó ń lu páànù sì ń fi òòlù lu ìlù fún un.

Ọdún Àjíǹde la lọ. A kọjá Ìfọ́n, a kọjá Ọ̀wọ̀, ní Àkúrẹ́ a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, àwọn ọmọ ń kọrin lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ họ́ọ̀nù fún ewúrẹ́ tí kò sí lọ́nà. Nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, gbogbo agbo ilé tú jáde, wọ́n ń kí wa kú oríire, wọ́n ń fọwọ́ pa ọkọ̀ lára. Màmá jáde tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká jẹ́jẹ́, gbogbo èèyàn ń wò ó, ó sì dúró níwájú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó pọ́n ju ara yòókù lọ.

"Dáre, kí ló ṣe é níbí?"

Mo já ẹ̀gbọ́n mi ní èékánná lẹ́yìn pé kó purọ́. Olúwa ló mọ̀, mo já a dáadáa. Ó yà kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Màmá, ó ti forí gbá nǹkan rí," ló wí. "Níbí gan-an ni. Gbogbo iwájú rẹ̀ ló wọlé." Ó kúnlẹ̀ sí iyẹ̀pẹ̀, ó ń fi hàn án, ibi tí wọ́n ti lù, ibi tí wọ́n ti pààrọ̀, bí wọ́n ṣe na okùn sábẹ́ rẹ̀. "Bíréèkì rẹ̀ nìyí, ìṣojú mi ni wọ́n fi tuntun sí i. Èmi ni mo di iná mú." Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá àgbàlagbà kan ní, "Yéè, ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá!" Mo wo ìyàwó wa, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mo ní ó parí, a máa dá nìkan padà.

Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pa ibi tó pọ́n náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọkọ̀ tó pa bàbá Títíloyè, mo béèrè kó tó wọ̀ ọ́. Awakọ̀ rẹ̀ búra pé kò sóhun tó ṣe é. Ẹni tó ni ín náà búra." Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun mú un. Ó wá ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ó ń fà á sódì, ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ ṣí i fún un. Ó wọlé, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé ìkejì. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Ìyàwó wa bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, kò fi ojú pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ń sunkún, kí ni mo fẹ́ fi ṣe ìtìjú?

"Ṣọlápé, lọ bá mi gbé àpótí mi ní yàrá," ni Màmá wí. "Ìwọ Dáre, o kò gbọdọ̀ sáré o."

Mo rò pé màá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá a ká aṣọ ni. Mo gbé àpótí náà, ó wúwo. Màmá ti di ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.